Hóró Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin àti Ìlà Òfìfo Kan

Àtìní, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ọkùnrin ni mo fẹ́ràn.

Ó dáa, mo ti kọ ọ́. Ó gbà mí ní ọgbọ̀n ọdún àti bíírò méjì, nítorí ti àkọ́kọ́ kọ̀, kò yọ yíǹkì. Mo gbójú sókè wo àjà. Àjà ò já lulẹ̀. Gẹ́nẹ́rétọ̀ Ìyá Sùlíyá, onílé wa, ń pariwo lọ bó ṣe ń pariwo tẹ́lẹ̀. Èèyàn á gbé òkúta rù fún ọgbọ̀n ọdún, ọjọ́ tó bá sọ ọ́ kalẹ̀, adìẹ ò ní tilẹ̀ ta jìjì.

Ìwé tí a fi ń kọ iye búútà àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ bá yọ níléeṣẹ́ wa ní Agídíngbì nìwé yìí tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì Kaothar ló ní kí n wá ìwé kan, kí n máa sàmì sí i lójoojúmọ́ tí mo bá ti lo oògùn. "Ẹ kọ ohun tó bá wà lọ́kàn yín sí i, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó máa kà á." Òun ló fà á o.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ àbúrò mi tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò ṣeé lò, hẹpatáítìsì C wà nínú rẹ̀, kí n lọ wá ìtọ́jú ẹ̀dọ̀ mi. Mo ká ìwé tí wọ́n fún mi sí mẹ́rin, mo tì í sínú bàtà Ìléyá mi, mo sì ń bá ayé lọ fún oṣù márùn-ún. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta! Lóṣù tó kọjá ni mo fẹ́ wọ bàtà yẹn lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ìwé bọ́ sílẹ̀, ó ń wò mí. Ọjọ́ kejì ni mo lọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn Allen ni ibi ìtọ́jú náà. Nọ́ọ̀sì Kaothar ń kọ fọ́ọ̀mù, kò wojú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ máa ń bá lò pọ̀: obìnrin ni, ọkùnrin ni, àbí méjèèjì?" Bí ẹni ń béèrè pé ṣé ẹ̀wà ni kóun bù àbí ìrẹsì. Mo ń wo ojú rẹ̀.

"Ẹ má wá èsì rẹ̀ lójú mi o. Ọwọ́ yín ló wà."

Mo ní, "Ọkùnrin."

Ó ní, "Ẹ ṣé," ó kọ ọ́, ó sì bọ́ sí èyí tó kàn: ṣé mo máa ń mutí.

Ìlà kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù: *Ẹni tí a lè pè, àti ohun tó jẹ́ sí yín.* Mo fi ìyẹn sílẹ̀ lófìfo.

Àlàrùba, ọjọ́ kẹrin

Hóró kìíní, aago méje àárọ̀. Ó fi díẹ̀ tóbi ju ẹ̀wà olóyin lọ. Mo jókòó, mo ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú mi. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo lọ síbi iṣẹ́.

Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni gbogbo rẹ̀. N kò gbọ́dọ̀ pa ẹyọ kan jẹ. Kò gbọ́dọ̀ sí ọtí, kò gbọ́dọ̀ sí àgbo. Abẹ mi, búrọ́ọ̀ṣì mi, èmi nìkan ni kí n máa lò ó.

Sátidé, ọjọ́ keje. Ìtúnlá Ìléyá

Mo ti purọ́.

Job wá jẹ ẹran àgbò lánàá, ó sùn síbí. Job ni ẹni tí mo fẹ́ràn. Fíríìjì ló ń tún ṣe ní Ọ̀pẹ̀bí, òun ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, ọdún keje wa sì nìyí. Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sí ọ̀rẹ́ mi àtàtà. Ìyá Sùlíyá tilẹ̀ ń bá àwa méjèèjì wá ìyàwó. Ràbíátù tó fẹ́ mi nígbà kan ti lọ láti ọdún méjìlá, ó ti wà nílé ọkọ mìíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Láàárọ̀ yìí Job ń wá iyọ̀, ó bá ike oògùn pàdé. "Nùrú, kí lèyí?"

Mo ní, "Hẹpa C. Híjámà, ife tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn, tí mo ń ṣe lọ́dọ̀ Álífà Muhydeen ni. Abẹ wọn ni."

Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn, geere, bí ẹni pé mo ti há a sórí láti ọdún tó kọjá.

Job kọ háà, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Nígbà tó gbọ́ pé ó ṣeé wò sàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti ife ẹ̀yìn yín! Ọpẹ́lọpẹ́ Jésù, kò sí álífà tó máa fi abẹ kan ẹ̀yìn tèmi. Ó kéré tán, èmi bọ́."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run rí mi, mo bá a rẹ́rìn-ín.

Àtìní, ọjọ́ kẹsàn-án

Kí n kọ eléyìí náà, kí ọwọ́ mi tó rẹ̀.

Mo bi Nọ́ọ̀sì Kaothar níjelòó pé níbo ni mo ti kó o. Ó ní òun kì í ṣe aríran. Ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀: abẹ́rẹ́, abẹ, ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò yẹ̀ wò kí wọ́n tó fà á síni lára. Láàárín ọkùnrin àti obìnrin, kì í sábà gba orí ibùsùn. Ṣùgbọ́n láàárín ọkùnrin méjì, ara máa ń bó níbẹ̀ nígbà míì kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí sì ti tó. Bí kò bá sí kọ́ńdọ̀mù, bí èèyàn bá pọ̀, tàbí tí àrùn mìíràn bá ti wà lára, ọ̀nà tún là sí i. Wọ́n yẹ HIV wò lára mi, wọ́n yẹ hẹpa B wò, kò sí ìkankan. "Ẹ dúpẹ́," ó ní. "Kí ẹ sì mú ẹni yín wá, ká yẹ òun náà wò."

Ẹni yín. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ọdún 2022 mo fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níléeṣẹ́, wọ́n ní ó mọ́ gaara. Ní 2023 ìyá Job ṣàìsàn, Job lọ tọ́jú wọn n'Ìbàdàn fún oṣù mẹ́rin. Mo mọ ọkùnrin kan ní Maryland. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Òtẹ́ẹ̀lì kan náà. Kò sí kọ́ńdọ̀mù. Kí Job tó dé, mo ti pa á tì, mo sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ìṣirò yẹn ò le, ọmọ JSS á ṣe é. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ará Maryland pé kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ó kà á. Kò fèsì.

Ó ku Job. Bí mo bá sọ fún un, ó lè lọ. Bí n kò bá sọ, àìsàn lè máa jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù pé òun ò ṣe híjámà.

Àtìní, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Hóró kẹtàlá. Orí ń fọ́ mi díẹ̀, ó rẹ̀ mí bí ẹni ru síméǹtì. Òjò rọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, omi wọ iléeṣẹ́, búútà tuntun ń léfòó kiri bí pẹ́pẹ́yẹ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá fi dé.

Àgbàdo sísun ti dé. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ẹyọ kan, tí kò sì kún. Mo rà méjì.

Àtàlátà, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Irọ́ mi ti mọ ọ̀nà rìn.

Làsísì, ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù níléeṣẹ́ wa, ló rí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo ń gbé oògùn mì. Irọ́ kan náà ni mo pa fún un. Èèyàn tí ẹnu rẹ̀ yá ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ! Lónìí mo gba iwájú ilé Álífà Muhydeen kọjá, lẹ́yìn géètì iléeṣẹ́ wa. Bí Álífà ṣe ń ṣe é nìyí: olúkúlùkù ló ní ife tirẹ̀ nínú ọ̀rá, orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀rá, ọ̀rá wà lórí ìṣó lára ògiri. Abẹ tuntun, ìwọ lo máa mú un wá. Ojú rẹ ni wọ́n á ti já a nínú bébà, ojú rẹ náà ni wọ́n á ti ṣẹ́ ẹ sínú agolo. Kò sí ibi tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Agídíngbì.

Ògiri ti ń hàn. Ìṣó pọ̀ lára rẹ̀ ju ọ̀rá lọ.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Lẹ́yìn ìrun, Álífà dúró dè mí níbi tí a ń kó bàtà sí.

"Nùréènì."

"Ẹ kú Jímọ̀, Álífà."

"Ọ̀rá mẹ́tàdínlógún ló wà lára ògiri mi kí Ìléyá tó dé. O mọ iye tó kù?"

"Rárá, sà."

"Mẹ́ta. Tìrẹ, tèmi, àti ti bàbá kan tó ti kú láti oṣù Rájábù."

Mi ò mọ ibi tí mo máa gbójú sí. Álífà fúnra wọn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ni wọ́n bá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò wá bá ọ jà. Mo fẹ́ bi ọ́ ni. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi lo ti kó o lóòótọ́, fi ibi tí mo ti ṣì í ṣe hàn mí, kí n má tún un ṣe fún ẹlòmíràn."

Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Mo ní, "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Wọ́n wò mí títí. Mo rò pé wọ́n rí gbogbo rẹ̀, títí dé òtẹ́ẹ̀lì Maryland. "Ó dáa. Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ìyókù, ó wà láàárín ìwọ àti Ẹni tó dá ọ." Wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹwàá

Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́fà kí n tó lè ṣe é. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wọn wà lábẹ́ igi fúrúùtù, mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ híjámà yẹn, irọ́ ni mo pa. Álífà Muhydeen ò mọ nǹkan kan nípa àìsàn mi. Ẹ lọ dá ife yín padà."

Làsísì gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ó dáa náà. Níbo wá lo ti kó o?"

Mo ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Yéè!" Làsísì pàtẹ́wọ́. "Obìnrin ni! Ẹ wo ojú rẹ̀! Nùréènì Àbúdù, ìwọ tí ò ń rìn bíi lèmọ́mù!"

"Mélòó ni wọ́n?"

"Ó ju méjì lọ, ẹ wo bó ṣe ń làágùn!"

"Ẹ kí Baálẹ̀ Allen, ọkọ àwọn obìnrin alẹ́!"

Mo gbọ́wọ́ sókè pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n ń kí mi bí ẹni tó jẹ oyè. Nọ́ọ̀sì ti ní kì í sábà gba ọ̀dọ̀ obìnrin, ta ló fẹ́ gbọ́? Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde níṣẹ́, mo rí ènìyàn mẹ́rin lọ́nà ilé Álífà, ọ̀rá lọ́wọ́, wọ́n ń rìn bí ọmọ tó fẹ́ lọ tọrọ àforíjì.

Hóró kẹtàdínlógójì. Orí fífọ́ ti lọ.

Sátidé, ọjọ́ kejìlá

Làsísì gbé fíríìjì rẹ̀ lọ fún Job tún ṣe lánàá, ó sì kó gbogbo ìròyìn dà sí i létí.

Job dé lọ́sàn-án yìí, ilẹ̀ ṣú bí alẹ́ nítorí òjò. Ó ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu géètì. "Baálẹ̀! Kábíyèsí Allen! Ìwọ, obìnrin! Ìwọ tí o sá wọ balùwẹ̀ ọjọ́ tí Ìyá Sùlíyá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn wá kí ọ!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ẹ̀rín yẹn wá ń tán díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń gbẹ nínú ìkòkò.

"Dúró ná, Nùrú. Bí kì í bá ṣe Álífà. Tí kì í sì í ṣe obìnrin."

Mo sọ ọ́. Maryland. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọdún tó lọ s'Ìbàdàn.

"Nígbà tí mo ń gbé Màámi lọ sí balùwẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún dìde. "Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí jù. Oṣù kan ni mo fi ń fi Álífà ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú rẹ. Mo ní èmi bọ́. O sì jẹ́ kí n máa wí i."

Mo sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún un, pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, pé bó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ó ṣeé wò sàn, kò lè ju oṣù mẹ́ta lọ. Mo kọ àdírẹ́sì sí bébà fún un. Ó gbà á. Ó jáde wọnú òjò. Ìgbà tó lọ tán ni mo rí i pé sílípáàsì mi ló wọ̀ lọ. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àtàlátà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Hóró kejìlélógójì, ìdajì gééré. Job ò gbé fóònù. Mo ti kun bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá fi máa padà, ó lè fi ṣe dígí.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ẹ̀dọ̀ mi ti ń fọkàn balẹ̀. Ó bi mí pé, "Ẹni yín ńkọ́?" Mo ní ó ń bínú. Ó ní, "Ẹni tó ń bínú ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n." Ó tún rán mi létí pé bí mo bá ti sàn, mo tún lè kó o bí mo bá tún ṣe bí mo ti ṣe, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ó kó kọ́ńdọ̀mù fún mi, ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo ní ta ni mo fẹ́ lò ó fún. Ó ní kí n gbà á, pé ìrètí náà ń fẹ́ ìmúrasílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó wà lórí àga níta ń yọjú.

Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ

Fíríìjì Ìyá Sùlíyá kú. Ta ni wọ́n pè? Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo fi àgbàdo sísun kan àti àgbọn sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, mo sì sá padà sókè bí olè.

Kò wo òkè. Kò bèèrè mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó: kùùkù nìkan ló kù.

Ìyá Sùlíyá ní, "Kí ló ṣe ẹ̀yin méjì? Ẹ ò ń kíra yín mọ́? Ṣé torí obìnrin ni?"

Mo ní, "Rárá o, Màámi."

"Ẹ lọ parí ẹ̀ jàre. Ọ̀rẹ́ bí èyí ò pọ̀ l'Ékòó."

Àtìní, ọjọ́ kọkànlá

Job fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: *Hóró mélòó ló kù?*

Mo kọ: *Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.*

*Má gbàgbé ọ̀kankan.*

Ó tán. Mo ka gbólóhùn yẹn ju bí mo ṣe máa ń ka Fátíhà lọ lójúmọ́. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Àlàrùba, ogúnjọ́

Mo gba iwájú ilé Álífà. Ọ̀rá mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ti yọ ti bàbá tó kú kúrò. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè sí mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àtàlátà, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Hóró kẹrìnlélọ́gọ́rin. Aago méje. Mo mi ike náà, kò dún mọ́.

Kò tíì tán o. Nọ́ọ̀sì ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá la máa tó yẹ̀ ẹ́ wò, ká mọ̀ bóyá ó ti lọ pátápátá. Ìyẹn di nǹkan bí àárín oṣù kọkànlá. Síbẹ̀ mo ra búrẹ́dì Agége gbígbóná níbi iṣẹ́, mo pín in fún gbogbo wọn. Làsísì ní, "Baálẹ̀, ìyàwó wo lo tún ń gbé?"

Mo dé ilé ní aago mẹ́fà. Ẹnì kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, sílípáàsì mi lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti wọ̀ ọ́ gbó.

"Ṣé ó ti tán?" Job ló bèèrè.

"Ó tán láàárọ̀ yìí."

"O ò gbàgbé ọ̀kankan?"

Mo mú ìwé yìí jáde, mo fi àmì hàn án, ọjọ́ kan lẹ́yìn èkejì. Mo fi ọwọ́ bo ìyókù. Ó ń fìka tọ àmì náà bí ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò.

"Mi ò tíì lọ," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn lẹ́yìn Allen. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà. Mi ò fẹ́ dá gun un."

Mo ṣí ilẹ̀kùn, ó tẹ̀lé mi wọlé.

"Má rò pé mo ti dárí jì ọ́ tán o, Nùrú."

"Mélòó ló kù?"

Ó ronú sí i dáadáa, ẹni tí kì í fi ìṣirò ṣeré. "Ká ní hóró mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, mo ti lo bí ogójì." Ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rí i dì mú. Ó rí bàtà rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Kí lo fi kun èyí? Ojú mi ń fọ́!"

Ó ń sùn báyìí, òun lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi lórí ẹní, bó ṣe ní kó rí. Ó ń hanrun ní ohùn ìsàlẹ̀.

Lọ́la mo máa gba àyè níbi iṣẹ́. Aago mẹ́jọ, a ó jọ gun àtẹ̀gùn yẹn, n ó jẹ́ kó ṣáájú. N ó jókòó tì í títí wọn yóò fi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí ka tirẹ̀ láti orí kìíní. Bí kò bá sí, n ó ra àgbàdo, iyekíye tí wọ́n bá pè é. Kí a tó kúrò níbẹ̀, n ó ní kí Nọ́ọ̀sì Kaothar bá mi wá fọ́ọ̀mù mi, n ó sì kọ orúkọ Job sí ìlà òfìfo yẹn, àti ohun tó jẹ́ sí mi.